Agogo Tí N Kò Dá Lóhùn

Kẹn-kẹ́-kẹn, kẹn-kẹ́-kẹn.

Ìró ìdérí ìkòkò nìyẹn, ní ìdájí oṣù ààwẹ̀, ní Ìṣẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré. Àwa ọmọ àdúgbò la máa ń jáde láti jí àwọn èèyàn sí sààrì. Ẹlòmíràn á mú agolo mílíìkì, ẹlòmíràn á mú ìgò àti ìṣó, èmi a mú ìdérí ìkòkò ìyá mi tí etí rẹ̀ ti ya. A ó máa lù, a ó máa kọrin, a ó máa fẹsẹ̀ jó nínú eruku tó tutù bí omi. Òfin kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ rú: bí a bá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, a kì í kúrò níbẹ̀ àfi bí ẹnì kan nínú ilé bá dáhùn. Ìdáhùn náà kò gùn. "A ti jí" ni. Bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, a ó dúró síbẹ̀ bí òpó, a ó máa lù ú lọ.

Bàbá mi kò fẹ́ràn ìlù. Àlùfáà ni, ó gbà pé ariwo kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn. Síbẹ̀, bí a bá dé ojú fèrèsé rẹ̀, á ṣí i díẹ̀, á wúkọ́, á ní, "Mo ti jí o." Lẹ́yìn náà á pa fèrèsé rẹ̀ dé. Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan ló ń fún wa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi dé Hamburg nígbà tí irun ṣì wà lórí mi, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé mi dé Berlin, ní Reinickendorf, ibẹ̀ náà ni mo ti dàgbà di ẹni tó ń gba Rente, owó ìfẹ̀yìntì, lóṣooṣù. Ilé mi wà ní Märkisches Viertel, lókè pátápátá nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gíga tí afẹ́fẹ́ máa ń fọn fèrè lára wọn. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Múríkátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń gbé ní Altona ní Hamburg, bọ́ọ̀sì ló ń wà níbẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ni Yusrah. Ọ̀rọ̀ Yusrah ni mo fẹ́ sọ, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nínú ìsinmi ilé ìwé kan ló wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ mi. Bó ṣe gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ ni nǹkan kan dún nínú rẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde: idẹ pẹlẹbẹ, róbótó, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, okùn wà létí rẹ̀, igi kékeré kan sì bá a rìn.

"Kí nìyẹn?" mo bi í. "Ìdérí ìkòkò ta lo gbé wá?"

"Nein, Opa," ó ní, bí àwọn ọmọ Jámánì ṣe ń pe bàbá àgbà. "Kkwaenggwari ni."

"Kí ni?"

Ó tún un pè. Ahọ́n mi gbìyànjú, ó takókó. "Kẹngẹrẹ," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kẹngẹrẹ ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Ó ṣàlàyé fún mi, ó ń fi Jámánì lú Yorùbá. Obìnrin ará Korea kan wà ní àdúgbò wọn, Frau Kang, tó ti wá sí Jámánì ṣe nọ́ọ̀sì nígbà tí òun náà jẹ́ ọlọ́mọge. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló kó àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó fi àwọn ọ̀dọ́ Altona kún un, ó sì ń kọ́ wọn ní ìlù àti ijó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn. Inú oko ni wọ́n ti ń lù ú láyé àtijọ́, wọ́n sì máa ń gbé e láti ilé dé ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí ohun búburú lè kúrò láàárín ilé. Bí ọwọ́ ṣe ń lù ni ẹsẹ̀ ń jó. Àwọn kan á dé fìlà tí ọ̀já bébà funfun gígùn so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n á máa fi ọrùn yí i, ọ̀já náà á sì máa fò yí wọn ká bí ẹyẹ tí kò fẹ́ bà.

"Ìlù mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Oríṣi mẹ́rin. Ìlù tí ìbàdí rẹ̀ fún ni òjò. Ìlù róbótó ni ìkùukùu. Agogo ńlá ni afẹ́fẹ́."

"Ìwọ wá ńkọ́, pẹ̀lú ìdérí ìkòkò rẹ?"

"Opa, kí òjò tó rọ̀, kí ló máa ń dún?"

"Àrá."

"Genau. Èmi ni àrá. Bí mi ò bá lù, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé e lé ọwọ́ òsì, ó fi igi lù ú. Kẹn-kẹ́-kẹn. Ọkàn mi sáré padà sí Ìṣẹ́yìn kí n tó mọ̀. Mo sọ fún un nípa agolo àti ìgò, nípa ìdérí ìkòkò ìyá mi, àti bí a ṣe máa ń dúró títí wọn yóò fi sọ pé àwọn ti jí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ará ilé ìsàlẹ̀ ń fi nǹkan gbá páìpù ẹ̀rọ amúlégbóná, gbá, gbá, gbá, pé kí a fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Yusrah gbé igi sókè, ó tẹ́tí. "Opa," ó ní, "wọ́n ti jí."

Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, tó ti padà sí Hamburg, fóònù mi dún ní àkókò sààrì àkọ́kọ́. WhatsApp ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún: kẹn-kẹ́-kẹn, ohùn ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Yusrah, ó tó, àwọn èèyàn ń sùn." Mo wọ jígí mi, mo fi ìka kan ṣoṣo kọ ọ́ sí i pé, "Mo ti jí." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ààwẹ̀ fi parí. Èmi tí mo ń dá jẹ sààrì láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí ẹni pé èèyàn jókòó sí ìdí tábìlì.

Nígbà tí ewé ń rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Múríkátù pè mí. Àwọn ará Altona fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun kan, àwọn ẹgbẹ́ Frau Kang ni yóò lù níbẹ̀, Yusrah ni yóò sì ṣáájú wọn. "Ó ní bí ẹ ò bá ní í wá, òun ò lù," ó sọ fún mi. Mo ní màá wá. Mo fa ọ̀rẹ́ mi Olúdàpọ̀ dání. A jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan náà ní Reinickendorf, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Alájì," ó wí bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń wo fìlà mi, "ṣé ọmọ ló ń lọ jó ni àbí ìwọ?"

"Máa wo tìrẹ. Sùtáná tí o kọ̀ tí o ò wọ̀, ṣé Hamburg kò yẹ ẹ́ ni?"

"Mo fi pamọ́ ni. Bí mo bá wọ̀ ọ́ wá, wọ́n á ní èmi náà wà lára àwọn òṣèré."

Bí a ṣe dé gbọ̀ngàn, Frau Kang fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ funfun gbòò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ó mú mi lọ sídìí àga kan tó dá wà ní apá ọ̀tún, níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ní èdè Jámánì, "Ẹ jókòó síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò. Yusrah fẹ́ kí ẹ wà níbí gan-an." Mo rò pé nítorí etí mi tó ti wúwo ni. Olúdàpọ̀ jókòó sáàárín àwọn èèyàn yòókù, ó ń ṣẹ́jú sí mi láti ọ̀hún pé mo ti di ọba.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé tábìlì kan wá síwájú, láàárín àwa èrò àti ibi tí àwọn onílù yóò dúró sí. Wọ́n to èso sórí rẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n sì gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ara mi bù máṣọ. Ọmọkùnrin ará Jámánì kan tó gbé ìlù kọ́rùn ń kọjá, Julian ni wọ́n pè é. Mo fà á láṣọ. "Kí nìyẹn wà fún?"

"Àṣà ni, Bàbá," ó dáhùn, ó ń kánjú. "Bí wọ́n bá ń ṣí ilé tuntun, olúkúlùkù wa á lọ forí balẹ̀ níwájú rẹ̀ kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, kí nǹkan burúkú má ṣẹlẹ̀." Ó ti lọ kí n tó bi í ní òmíràn.

N kò lè jókòó ti ẹlẹ́dẹ̀. Mo dìde kúrò lórí àga, mo lọ jókòó ti Olúdàpọ̀, níbi tí àyè kan ṣófo sí ní ọ̀gángán tábìlì náà. Ó kéré tán, mo jìnnà sí i.

"Wọ́n ti lé ọ kúrò lórí ìtẹ́?" Olúdàpọ̀ bi mí.

"Dákẹ́."

Wọ́n jáde. Kí n má purọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ìyá arúgbó tó jẹ́ pé ọ̀pá ni à bá retí lọ́wọ́ wọn ń fò pẹ̀lú ìlù níwájú ikùn. Ọ̀já funfun ń yí lókè orí. Àwọn ará Korea tó wà láàárín èrò ń ké sí wọn pé "Jotta!", èyí tó túmọ̀ sí pé ó dùn, ó dára. Yusrah ló sì ṣáájú, ó de ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó fi fìlà lé e, kẹngẹrẹ ń dán lọ́wọ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ ń já gbogbo ìró yòókù kọjá. Bó bá yí i padà, wọ́n á yí i padà. Bó bá dá a dúró, wọ́n á dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti ń mì lábẹ́ àga, n kò sì mọ̀.

Ó dá a dúró. Gbọ̀ngàn parọ́rọ́. Frau Kang ló kọ́kọ́ lọ síwájú tábìlì, ó forí balẹ̀. Àwọn ìyá tẹ̀ lé e. Julian náà lọ. Ó wá ku Yusrah.

Ó rìn jáde. Ó wo apá ọ̀tún, níbi àga yẹn. Ó dúró díẹ̀. Ojú rẹ̀ wá káàkiri. Lẹ́yìn náà ó yí padà síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó gbé kẹngẹrẹ lé itan, ó sì tẹrí ba. Tábìlì ló wà níwájú rẹ̀. Orí ẹlẹ́dẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ibẹ̀ kí Olúdàpọ̀ tó di agbádá mi mú.

"Dìde kúrò níbẹ̀," mo pariwo. "Dìde. Orí ẹlẹ́dẹ̀ lo wá ń kúnlẹ̀ fún lójú mi? Ohun tí ìyá rẹ fi kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo fà á lápá. Kẹngẹrẹ já bọ́ láti itan rẹ̀, ó yí lórí ilẹ̀ pákó, ó ń dún bó ṣe ń yí, ó ń dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó sùn lélẹ̀. Apá agbádá mi ti gbá tábìlì. Àwọn èso yí dànù. Orí ẹlẹ́dẹ̀ ṣubú tẹ̀ lé wọn, ó là sí méjì.

Inú rẹ̀ funfun. Ẹ̀wà pupa tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú ṣúgà ń dà jáde láàárín rẹ̀. Àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì ni.

Ẹnì kan láàárín èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Frau Kang kúnlẹ̀, ó ń ṣa àkàrà náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, obìnrin tó jù mí lọ. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi sí. Yusrah mú kẹngẹrẹ nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣí fìlà rẹ̀ tì í, ó jáde. Àwọn yòókù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìlù lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Berlin, Olúdàpọ̀ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. A ti fi Hamburg sílẹ̀ tipẹ́ kó tó la ẹnu.

"Bádárù."

Kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀. "Mo ń gbọ́."

"Ojú ta ni ọmọ yẹn ń wò nígbà tó kúnlẹ̀?"

"Ojú ẹlẹ́dẹ̀."

"Ojú àkàrà, o fẹ́ wí." Ó mi orí. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo jókòó sí. Ìwọ ló ń wò. Ó kọ́kọ́ wá ọ lórí àga yẹn, kò rí ọ, ó wá ọ títí ojú rẹ̀ fi bá ọ. Ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.'"

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? O ti ń pariwo."

Mo ní irọ́ ló ń pa, mo ní àwọn aláṣọ funfun kúkú fẹ́ràn àbẹ́là, kò lè yé e. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó di ojú, kò sì sùn.

Múríkátù pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀, Múrí. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bàámi, kí ló gbé yín kúrò lórí àga?"

"Àga wo?"

"Àga tí wọ́n fi yín sí." Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Yusrah ti sọ fún Frau Kang láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé òun ò lè forí balẹ̀ fún nǹkan kan, pé Mùsùlùmí ni òun. Obìnrin yẹn ò jà. Ó ní ó dáa, ta ni ìwọ máa ń kúnlẹ̀ fún nílé yín? Yusrah ní Bàbá òun. Ó ní, a jẹ́ pé wàá kúnlẹ̀ fún Bàbá rẹ, a ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má bàa kojú tábìlì. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ yẹn fi ń kọ́ bí yóò ṣe kúnlẹ̀ tí fìlà ò ní í bọ́."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Orí ẹlẹ́dẹ̀ gidi ni wọ́n sì máa ń lò," ó fi kún un. "Nítorí tiwa ni Frau Kang ṣe fi ìyẹ̀fun ṣe é. Omi bíìtì, gbòǹgbò pupa yẹn, ló fi rẹ ẹ́."

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo wo ilẹ̀ yàrá mi. Mo ti di baba àgbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo ayé, tó sì rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń kí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún irú wa. Níbi tí wọ́n ti bí mi, àgbà kì í sọ fún ọmọdé pé kó dákun. Á ra nǹkan fún un, tàbí á pè é wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà á sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra bàtà tó dáa, mo fi ránṣẹ́ sí Altona. Múríkátù ní ó ní ẹ ṣeun. Mo fi dàbínù ránṣẹ́, àpótí ńlá. Ó ní ẹ ṣeun. Ó ti dá kẹngẹrẹ padà fún Frau Kang, kò sì lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i lórí WhatsApp. Mo kọ ọ́ pé ojú mi ti ń ṣú. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé Julian ló ṣì mí lọ́nà. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Mo kọ ọ́ pé òun gan-an ì bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kì bá tí kúrò lórí àga. Ìyẹn ló burú jù, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mo ń lọ wò ó bí ẹni tó se ọbẹ̀, kí ojú tó tì mí tí mo fi pa á rẹ́. Bí Olúdàpọ̀ bá dé, á wo fóònù lórí tábìlì, á ní, "O ti dá ọmọ lóhùn?" Màá bi í bóyá yóò mu tíì.

Oṣù ààwẹ̀ tún dé. Mo jí sí sààrì àkọ́kọ́, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Kò dún. Mo jẹ díẹ̀, ó ti sú mi. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ọjọ́ kan, ará ilé ìsàlẹ̀ ṣèèṣì fi nǹkan gbá páìpù, mo sì fò dìde lórí àga.

Ìyẹn ló gbé mi lọ sí Altona, sọ́dọ̀ Frau Kang. N kò sọ fún Múríkátù. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan rí. Ó gbé tíì kalẹ̀, ó rántí pé ààwẹ̀ ni, ó gbé e kúrò, ó gbé tirẹ̀ náà kúrò. Kẹngẹrẹ wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú fìlà Yusrah.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn rọrùn, àgbà ni, mo lè bẹ àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí àkàrà, nítorí tábìlì, nítorí bí mo ṣe dójú tì í láàárín èrò. Ó ní kí n má ṣe àníyàn, wọ́n padà jẹ àkàrà náà, ó dùn.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òṣùpá àkọ́kọ́ nínú ọdún wa yóò kún," ó wí. "Òṣùpá kan náà tí ẹ fi ń ka ààwẹ̀ yín ni, lọ́dún yìí wọ́n bọ́ sójú kan. A fẹ́ lù. Mi ò tíì fún ẹlòmíràn ní agogo rẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó wá," mo ní. "Ọ̀rọ̀ yín á wọ̀ ọ́ létí ju tèmi lọ."

"Ó wá síbí lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí àṣà yín ni. Ó ní, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí àgbà, tí àgbà náà kò dá a lóhùn, ṣé ọmọ lè dìde?"

Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé itan.

"Mo sọ fún un pé ó ti dìde, pé mo rí i nígbà tó jáde," Frau Kang wí. "Ó ní rárá. Ó ní wọ́n fa òun dìde ni."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo jókòó ní Bahnhof Altona, ibùdókọ̀ ojú irin, láàárín àwọn tó ń fa ẹrù kọjá. Oòrùn wà ní àtàrí, ó jìnnà sí sààrì, ó jìnnà sí àkókò tí èèyàn ń jí. Ọkọ̀ Berlin wọlé, ó tún lọ, n kò wọ̀ ọ́. Mo wọ jígí mi. Mo fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, n kò sì jẹ́ kí ó gùn tó èyí tí màá lè pa rẹ́:

"Yusrah, Bàbá rẹ ni. Mo ti jí. Ó pẹ́ kí n tó jí. Dákun, dìde, ọmọ mi."